Iye èèyàn tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ka èèyàn gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Oṣù kẹta ọdún 2006 ni wọ́n ṣe ìkànìyàn yẹn, iye tí ìjọba sì kéde ni 140,431,790. Láti ìgbà náà, kò tíì sí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn tó tún kan ilẹ̀kùn wa pé ẹ mélòó lẹ wà nílé, ọdún mélòó ni olúkúlùkù, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe jẹun, níbo lẹ ti ń pọn omi. Wọ́n fẹ́ ṣe é lọ́dún 2023. Wọ́n ti sún un láti ìparí oṣù kẹta sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n ti ra ẹ̀rọ, kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìjọba tó ń bọ̀. Ìjọba tó ń bọ̀ dé. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kalẹ̀, tí Atiku Bagudu tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná ṣe alága rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀nà tí ètò náà yóò fi ṣeé ṣe.

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde lórí rédíò, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ètò máa ń dá lé: a ti tó mélòó báyìí? Àjọ tó ń rí sí ìkànìyàn, NPC, fojú bù ú pé a ti lé ní 216 mílíọ̀nù lọ́dún 2022. Àwọn àjọ àgbáyé náà ní iye tiwọn. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn ló wúlò kéré jù nínú gbogbo ohun tó yẹ ká béèrè. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí kò ní rí ìdáhùn nínú àpapọ̀ iye ọmọ Nàìjíríà. Iye kékeré ló ń wá: àwọn tó ń gbé wọ́ọ̀dù kan, iye aboyún tó wà láàárín wọn, bí ilé tó jìnnà jù ṣe jìnnà sí ọ̀nà tó, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń tà. Iye kékeré yẹn gan-an ni kò sẹ́ni tó ń jà fún.

Owó ló fà á. Nígbà tí wọ́n bá pín owó àpapọ̀ ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ á kọ́kọ́ mú ìdá 52.68 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ á mú 20.60. Tí ó bá wá kan kí àwọn ìpínlẹ̀ pín tiwọn láàárín ara wọn, ìdá 40 nínú 100 ni wọ́n ń pín dọ́gba, ìdá 30 sì ń tẹ̀ lé iye èèyàn. Ìyókù ni wọ́n ń wo fífẹ̀ ilẹ̀, owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀, àti nǹkan bí ilé ìwé, ìlera àti omi. Ẹ tún fi ìjókòó 360 tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kún un, iye èèyàn náà ni òfin ní kí wọ́n fi pín in. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé iye orí ni wọ́n ó fi pín ìrẹsì ọdún, á ka èyí tó wà nílé, á ka èyí tó ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, á sì tún ka oyún.

Bó ṣe rí láti àtètèkọ́ṣe nìyẹn. Èsì tọdún 1962 kò débì kankan, wọ́n wọ́gi lé e. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1963, ó mú 55.6 mílíọ̀nù wá, ìjà sì tẹ̀ lé e. Ti ọdún 1973 ní 79.8 mílíọ̀nù, ariwo pọ̀ débi pé ìjọba Murtala Muhammed ní ọdún 1975 sọ pé àwọn ò ní lò ó rárá. Nígbà tó di 1991, àwọn èèyàn ti ń retí pé a ó lé ní 100 mílíọ̀nù, 88.9 mílíọ̀nù ló jáde. Lọ́dún 2006, NPC ní 9,113,605 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Kánò sì ní 9.4 mílíọ̀nù. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ lásìkò kan náà, ní rárá o, 17,552,942 làwọn rí.

Àwa tá a wà ní ìhà ibí fẹ́ràn iye kejì yẹn, ó dùn-ún gbọ́ létí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó máa jèrè iye náà ló kà á. Ohun tí à ń fi kan Kánò kò yẹ kó di ẹ̀tọ́ nígbà tó bá kan Èkó. Nígbà tí Festus Odimegwu tó jẹ́ alága NPC sọ ní gbangba lọ́dún 2013 pé wọ́n ti fi iye kún iye nínú àwọn ìkànìyàn àtẹ̀yìnwá, gómìnà Kánò ìgbà náà, Rabiu Kwankwaso, fárí gá. Kí ọdún yẹn tó parí, Odimegwu ti fi ipò náà sílẹ̀. Wọ́n yọ ìbéèrè nípa ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú fọ́ọ̀mù lọ́dún 1991 àti 2006 kí ìjà lè dín kù. Ó dín ooru kù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iná tó ń gbóná lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ètò ìpínwó, wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní àdúgbò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí pátákó kan tí wọ́n fi bírò àti rúlà fa ìlà sí, tí wọ́n ń fi ṣọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ lóṣooṣù. Kí nọ́ọ̀sì tó lè fa ìlà yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tó ń retí. Kò sí ẹni tó ka ọmọ náà fún un. Ìṣirò ni: ìdá 4 nínú 100 àwọn tó ń gbé agbègbè rẹ̀ ni wọ́n gbà pé kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ìdá 20 ni kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìdá 5 ni aboyún. Níbo ló ti rí iye àwọn tó ń gbé agbègbè? Iye tọdún 2006 ni wọ́n mú, tí wọ́n ń fi nǹkan bí ìdá 3.2 nínú 100 kún un lọ́dọọdún, nítorí pé bí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń gbèrú láàárín 1991 sí 2006 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́ọ̀dù kan ní 5,500 èèyàn lọ́dún 2006. Lẹ́yìn ọdún 19, ìṣirò yẹn á sọ ọ́ di nǹkan bí 10,000. Ìdá 4 níbẹ̀ jẹ́ ọmọ 400. Ilé ìwòsàn náà ṣiṣẹ́ dáadáa, ó fún ọmọ 480 ní abẹ́rẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ṣe ìdá 120 nínú 100. Ọ̀gá tó wà ní káńsù á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ti la ọ̀nà gba ibẹ̀, tí àwọn èèyàn ti rọ́ wá rà ilẹ̀, tí àwọn tó ń gbé wọ́ọ̀dù náà ti di 25,000, ọmọ 1,000 ló yẹ kí wọ́n máa wá. Ọmọ 520 ni abẹ́rẹ́ kò kàn. Lórí ìwé, wọ́ọ̀dù yìí wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù, torí náà kò sẹ́ni tí yóò rán òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kó wá fún un náà ń tẹ̀ lé 400 yẹn, ìyá tó bá pẹ́ dé á gbọ́ pé ó ti tán, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iye tó ju 100 nínú 100 lọ kì í ṣe àwàdà, ó ń hàn nínú àkọsílẹ̀ àjẹsára lóòótọ́. Tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bá rí i, wọn kì í yọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń pín in ni kò tọ̀nà.

Wọ́n ti rí ọ̀nà kan yọ nínú rẹ̀ rí, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní ìhà Àríwá, àwòrán ilẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ yà ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sì sí lórí rẹ̀. Wọ́n wá fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà wé e. Àwọn abúlé tí kò sí ẹgbẹ́ olùfúnni-lóògùn tó dé ibẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, wọ́n sì kọ orúkọ wọn kún ètò iṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tó ń dá wá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn ò dúró de ìkànìyàn kí wọ́n tó ṣe é. Òrùlé ni wọ́n kà.

Ibi tí iye àtijọ́ ti ń dùn wá jù nílẹ̀ Yorùbá, tí ẹ bá bi mí, ni ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Arẹ́pò, Magboro, Ìbàfò, Mowé: abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ́dún 2006 mọ iye oko tó wà níbẹ̀. Lónìí, àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Iye tọdún 2006 pẹ̀lú ìdá 3.2 kò lè ka irú àwọn èèyàn yìí láéláé, nítorí pé wọn ò bí wọn síbẹ̀, ńṣe ni wọ́n kó wá. Ní ìhà Èkó tí wọ́n ti kó wá, ìṣirò kan náà ṣì ń bí ọmọ fún wọn lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò tán sí orí kíkà nìkan. Òfin sọ pé owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹni tó ń gbé Mowé tó ń ṣiṣẹ́ ní Márínà, Abẹ́òkúta ló yẹ kí owó orí rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n tí àdírẹ́sì tó kọ sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ bá ṣì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Múṣin, Aláúṣá ló ń gbà á. Ní alẹ́, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ní Mowé ló ń gbà relé, ó sì ń bú gómìnà Ògùn. Ìjọba tí kò lè fi hàn pé èèyàn ń gbé ọ̀dọ̀ òun kò lè béèrè owó orí wọn, tí kò bá sì rí owó orí wọn, yóò ṣòro kó ṣe ọ̀nà wọn. Gbogbo rẹ̀ so kọ́ ara wọn.

Òfin owó orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 tún ti yí eré náà padà. Nínú owó VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, ìdá 10 ni ìjọba àpapọ̀ yóò máa mú báyìí, ìpínlẹ̀ 55, ìjọba ìbílẹ̀ 35. Láàárín àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n dín ohun tó ń tẹ̀ lé iye èèyàn kù láti ìdá 30 sí 20, wọ́n sì ya ìdá 30 sọ́tọ̀ fún ibi tí wọ́n ti ra ọjà lò. Ìpínlẹ̀ tí kò bá lè sọ ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń rà, àti ibi tí wọ́n ti ń rà á, yóò pàdánù. Mo rò pé èyí yóò mú kí àwọn gómìnà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà bí wọ́n ṣe ń jà lórí orí tẹ́lẹ̀, ẹ sì máa retí àsọdùn níbẹ̀ náà.

Ìṣirò ọrọ̀ ajé ní ọ̀fìn tirẹ̀. Lọ́dún 2020, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, ní ìdá 33.3 nínú 100 àwọn tó lè ṣiṣẹ́ ni kò níṣẹ́. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó di ìdá 4.1. Àwọn kan bú ìjọba pé irọ́ ni, àwọn kan sì fẹ́ fi ṣe ìpolongo. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ sí i ló fà á. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìníṣẹ́. Wọ́n wá tẹ̀ lé ìlànà àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tó sọ pé wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ti tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ọ̀kadà ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé ti níṣẹ́.

Ìlànà náà kò burú fúnra rẹ̀. Òun ló jẹ́ ká lè fi Nàìjíríà wé orílẹ̀-èdè mìíràn. Àmọ́ alága káńsù tó bá fi ìdá 4.1 yẹn pinnu pé iṣẹ́ kò wọ́n àwọn ọ̀dọ́ òun ti ṣi ìwé kà. Nínú ìròyìn kan náà ni wọ́n ti sọ pé ó lé ní ìdá 92 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ aládàáni tí kò ní ìwé ni wọ́n ń ṣe, bí òwò ìsọ̀, télọ̀, oko, ọ̀kadà. Iye kejì yìí ló sọ ohun tó yẹ kó ṣe: iná ọjà, ibi ìpàtẹ tó ní òrùlé, ọ̀nà tí tòmátì lè gbà jáde láì bàjẹ́. Òṣì náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó wo owó tí ìdílé ń ná, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 sí 2019, ní ìdá 40.1 ọmọ Nàìjíríà ni tálákà. Èyí tó jáde lọ́dún 2022, tó wo ilé ìwé, omi, ilé gbígbé, ohun tí wọ́n fi ń dáná àti irú wọn, ní ìdá 63 ni, mílíọ̀nù 133 èèyàn. Oǹdó ló kéré jù nínú èyí, pẹ̀lú ìdá 27, Sókótó ló pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ pín owó ìrànwọ́ lè lo ti àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga, ti kejì ló máa wúlò fún un.

Kò dìgbà tí ìjọba bá kà wá kí a tó ka ara wa. Mákòkò, àdúgbò àwọn apẹja tó wà lórí ọ̀sà ní Èkó, wà bí òfìfo lórí àwòrán ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní 40,000 ló ń gbé ibẹ̀, àwọn kan ní 300,000. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ Code for Africa kọ́ àwọn ará àdúgbò náà bí wọ́n ṣe ń fi díróònù ya àwòrán, wọ́n sì ń fi fóònù kọ ibi tí ilé ìwé, ilé ìwòsàn, afárá pákó àti ojú omi wà. Wọ́n gbé e sórí OpenStreetMap, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò. Àwòrán lásán kò dá ilé sí, ó kàn mú kó ṣòro láti sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní Tógò, nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ìjọba gbé ètò Novissi jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwé orúkọ olùdìbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, tí iṣẹ́ olúkúlùkù wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi mọ àwọn tí ìséde ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 faranki sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ìgbèríko, wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì àti ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà lo fóònù yan àwọn tó tálákà jù ní àwọn kántọ́ọ̀nù, ìyẹn agbègbè kéékèèké, 100 tó tòṣì jù. Ẹni tí kò ní fóònù rárá, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni tálákà jù, bọ́ sí ìta. Síbẹ̀, Tógò ṣe ìkànìyàn lọ́dún 2022, wọ́n rí 8,095,498. Wọ́n lo ohun tó wà lọ́wọ́, wọn ò sì fi ṣe àwáwí láti má kà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Tí èyí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, alága káńsù ni yóò máa pinnu, kì í ṣe gómìnà, ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sì ni wọ́n máa wá bá a. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ yìí ń kọ máa ń kún fún ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà. Kò sí iye kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye wà lọ́wọ́ wọn: wọ́n mọ ilé tó ń san owó ọlọ́dẹ, wọ́n mọ iye ilé tó ń gba iná lára tiransifọ́mà kan. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní rẹ́jísítà tó fi iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan hàn. Ìyálọ́jà mọ iye ìsọ̀. Lẹ́tà tó bá sọ pé ilé 640 ló wà ládùúgbò wa, ọmọ 112 ló ń jókòó ní kíláàsì kan, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù gba ìrìn wákàtí kan, ó ṣòro láti jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Òfin tọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba náà wà nílẹ̀, ẹ lè fi béèrè iye tí káńsù fi ṣètò ìnáwó wọ́ọ̀dù yín.

Ní ti ìkànìyàn gan-an, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ṣe tí a kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Kí wọ́n tó sún ti 2023 síwájú, NPC ti pín ìjọba ìbílẹ̀ 774 sí agbègbè kéékèèké, wọ́n ya àwòrán ilé tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe ìdánwò ìkànìyàn ní oṣù keje ọdún 2022. Òun gan-an ni iye kékeré tí à ń wá. Ṣùgbọ́n ilé ń pọ̀ sí i ní Mowé lójoojúmọ́, òpópónà tuntun ń yọ ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, àwòrán yẹn kò sì mọ̀ wọ́n. Bí ọjọ́ ìkànìyàn bá ń sún síwájú, wọ́n ní láti padà lọ tún apá kan rẹ̀ yà kí òṣìṣẹ́ tó lè fi í wá ilé kiri, owó ìyẹn náà yóò sì wà nínú ohun tí ìgbìmọ̀ Bagudu gbọ́dọ̀ wá.